Òórùn Ṣúgà Jíjó Nínú Àpótí

Bí ẹ bá bi mí léèrè irú lọ́fínńdà tí n kò lè fi sára láyé, màá ní èyí tí òórùn rẹ̀ dà bí oúnjẹ. Bó jẹ́ ti òdòdó, mo gbà á. Bó jẹ́ ti ọṣẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn wẹ̀, kó wọṣọ, kó wá máa ta sánsán bíi súwíìtì káàkiri àdúgbò, n kò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú irú rẹ̀ wọlé wa láti Kútọnu. Ayé ìjọba sójà ni, nígbà tí owó oṣù àwa olùkọ́ máa ń pẹ́ kó tó dé, tí à ń bu ṣúgà sínú ẹ̀kọ bí ẹni ń bu oògùn. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi láti Èkìtì wá sí Àgbádárìgì, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi sì tẹ̀ lé mi. Ọ̀dọ̀ ìyá onílé kan tó jẹ́ Ègùn la háyà yàrá sí. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ ra aṣọ àti lọ́fínńdà lókè ọ̀hún, á wá tà á níhìn-ín. Ìgò kékeré kan ṣoṣo ni kò tà. Ó ní tòun nìyẹn.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí mo fẹ́ràn kí n mọ ìdí tí mo fi kórìíra nǹkan. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in sára, súwíìtì àgbọn ni, irú èyí tí wọ́n ń tà létí títì, nígbà tí ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́ jóná nínú ìkòkò. Ó máa ń ta èèyàn nímú. Bó bá ṣe díẹ̀, jíjó yẹn á rọlẹ̀, á wá ku fàníílà, òórùn kéèkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú iná. Lọ́sàn-án, bí ara bá ti ń làágùn, ṣúgà náà á tún jí. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dára jù: adùn rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á ku nǹkan kan bí igi gbígbẹ, pẹ̀lú òórùn ara ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè fara mọ́, n kò sì sọ fún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo yọ́ fín in sára tèmi wò, kò pẹ́ tó fi di wàrà tó ti kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèrà máa bò yín lọ́nà," mo máa ń sọ fún un.

"Jẹ́ kí wọ́n bò mí. Ẹni tí ò bá rí ṣúgà fi mu tíì, kó wá gbóòórùn ẹ̀ lára mi."

Nígbà tó yá, àwọn sójà di ojú títì ẹnubodè, wọ́n ń já ẹrù gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Làwọn oníṣòwò bá ń gba ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fín lọ́fínńdà rẹ̀ sọ́rùn, ó ti ìgò náà bọ inú báàgì, ó lọ wọ ọkọ̀ létí ọ̀sà. Ọkọ̀ náà dojú dé. Àwọn apẹja gbé àwọn kan jáde láàyè, wọ́n gbé àwọn kan jáde lókùú, ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú wọn. A wá a dé ọsibítù, a wá a dé Àjàṣẹ́. Àwọn ẹbí wa ránṣẹ́ láti Èkìtì pé kí á gbà pé ó ti lọ, kí àwọn lè wá ṣe ohun tó yẹ fún un. Ìyá mi ní ẹnì kankan kò ní ṣe nǹkan kan lórí ọmọ òun tí kò tíì kú. Bí òun kò bá sì gbà, kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe.

Àwọn aṣọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú àpótí onírin kan lábẹ́ fèrèsé. Ìyá mi kò jẹ́ kí n fọ ìkankan. Lọ́sàn-án, bí atẹ́gùn òkun bá ti fẹ́ ọ̀rinrin wọlé, tí oòrùn sì ti mú àpótí náà gbóná, òórùn yẹn á jáde. Ṣe ló máa ń wọ yàrá bí ẹni tó ti ọjà dé. Màá jókòó níbi tí mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọléèwé mi, orí mi á wú, màá gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àpótí ni. Mo mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí náà ni.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ìyá mi ké sí mi láti inú yàrá.

"Wá o. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa, ó wà nínú yàrá níbí."

Òórùn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn, gbígbọ́ náà là ń gbọ́ ohùn, ìyá onílé tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò sì mọ̀ pé imú ni ìyá mi fi gbọ́. Ó ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí n tó yí dé iwájú ilé, ó ti pariwo dé òpin àdúgbò pé ọmọ tó bómi lọ ti dé. Àwọn èèyàn rọ́ wá. Òun ló ṣíwájú wọn, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó ń wí pé "Kuabọ, kuabọ," bí àwọn Ègùn ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ó sì ń yọjú wo ẹ̀yìn ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Èkìtì, ọmọ dà? Ẹ pè é síta ká rí i."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Inú bí mi sí ìyá onílé, ó bí mi sí lọ́fínńdà yẹn, ó bí mi sí ẹnikẹ́ni tó pò ó ní ìlú òyìnbó tó fi pẹ́ lára aṣọ tó báyẹn.

Ìyá mi wo gbogbo wọn. "Òórùn rẹ̀ ni mo ní mo gbọ́," ó sọ.

Ìyá onílé fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ṣe bí ó sọ̀rọ̀ ni."

"Rárá," ni ìyá mi wí. "Láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún un. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò mọ bí wọn ì bá ṣe kí i. Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó fa ìró kan yọ, ó sì nà án sí mi.

"Kí ló kù nínú ẹ̀?"

Mo gbé e símú. Ṣúgà ti lọ. Fàníílà pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Bí igi gbígbẹ ni, mà," mo ní. "Àti òórùn ara wọn, díẹ̀."

Ó gba ìró náà padà, ó ró o mọ́ ìdí. Ó ní kí n ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Èkìtì pé kí wọ́n máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìdáná, ó kó igi sínú àdògán, ó ń fẹ́ iná, ó ń nu ọwọ́ sára ìró náà. Nígbà tó fi máa gbé oúnjẹ wá fún mi, mo gbọ́ èéfín lára ìró náà, mo gbọ́ àlùbọ́sà àti epo. Mo wá ẹ̀gbọ́n mi títí, òórùn ìyá mi nìkan ni mo gbọ́. Ẹkún ni mo bú sí, oúnjẹ wà níwájú mi.