Ọ̀gá Mi àti Bọ́tìnì Ọ̀kà

Ọ̀gá obìnrin tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi Java kọ ìkànnì ní Ìkàrẹ́ kì í jágbe mọ́ni. Á kàn nu awò ojú rẹ̀, á bi ọ́ ní ìbéèrè kan.

Ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé kan ní Ọ̀kà máa parí lọ́la. Mo ti tún bọ́tìnì ìkànnì wọn ṣe, síbẹ̀ àwọn òbí ní kò ṣiṣẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé wọn ò mọ fóònù lò ni.

Ọ̀gá mi nu awò. “Ta ló ní kí fóònù wọn tọ́jú fáìlì àtijọ́ fún ọdún kan?”

Èmi ni. Mo fẹ́ kí ìkànnì máa yára ṣí, àmọ́ bọ́tìnì tó bàjẹ́ ló ṣì wà nínú fáìlì àtijọ́ náà.

“Fún fáìlì náà lórúkọ tuntun, kí fóònù wọn lè wá a gbà lákọ̀tun. Kí o sì lọ tọrọ àforíjì.”

Bọ́tìnì ṣiṣẹ́. Mo fi ìtìjú pe ọ̀gá ilé ìwé.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá rẹ ti bá ọ bẹ̀ mí láàárọ̀. Ó ní o ṣì máa mọṣẹ́.”