Àtàǹpàkò Tó Sọnù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé ni mo pa Windows rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, tí mo gbé Linux, ètò mìíràn tó ń darí ẹ̀rọ, sí i. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a fẹ́ lọ fi iṣẹ́ wa han àwọn ìyá ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ adití kan ní apá Challenge. Mo mọ̀ pé ìwà wèrè ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti gbó, ó ń gbóná, ó sì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá Gàníyù, tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Agbówó, ló sọ pé Linux kò wúwo, pé ẹ̀rọ mi á ráyè mí.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà la ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ètò tó ń ya ọwọ́ ènìyàn, ọwọ́ tó ń yí, tó ń ká ìka, tó ń nà án bíi ti alààyè. Ọwọ́ yìí ni yóò kọ́ àwọn ìyá ní lẹ́tà ọwọ́ tí àwọn adití fi ń pe orúkọ ara wọn.

Gbogbo ohun tí mo kọ wà lórí fláàṣì, kò sí èyí tó sọnù. Irinṣẹ́ ni kò sí mọ́. Mo ní láti tún wọn kó jọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń sọ ohun tí mo kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe, àti èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ tí àwa ń yá lò. Lẹ́yìn náà ló wá kan dírẹ́bà. Kì í ṣe ti mọ́tò o. Òun ló ń bá káàdì tó ń ya àwòrán sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí ètò mi, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo pe Ọ̀gá Gàníyù lórí fóònù.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú dúdú ni mò ń rí.”

“Ojú ta ni?”

“Ojú kọ̀ǹpútà, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Dírẹ́bà wo lo gbé sí i?”

Ti káàdì mìíràn ni mo gbé sí i. Mo yọ ọ́, mo fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọwọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ká ìka, ó ń nà án. Mo pariwo, mo jó yí àga ká.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni Àǹtí Ràṣídà dé. Olùkọ́ ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, adití ni àwọn fúnra wọn, ìwé la sì fi máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n mú bírò.

“Àtàǹpàkò rẹ̀ dà?”

Mo wò ó. Ìka mẹ́rin péré ni! Inú mi ti dùn ju kí n kà á lọ. Mo kọ ọ́ pé, “Ṣé ó burú púpọ̀, mà?”

Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n na àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́: A nìyẹn. Wọ́n gbé e wá síwájú ìka yòókù: S nìyẹn. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò pamọ́, wọ́n sì ń wò mí. Ẹ̀ṣẹ́ lásán ló kù. Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, Àsàbí. Ìyá rẹ̀ kò tíì pe orúkọ rẹ̀ fún un rí.”

Ojú tì mí. Mo wọ takisí Máíkírà lọ sí Agbówó.

Ọ̀gá Gàníyù fara balẹ̀ wo iṣẹ́ mi. “Ta ló sọ àwòrán àtàǹpàkò yìí lórúkọ?”

“Èmi ni, sà.”

“Lẹ́tà ńlá lo fi bẹ̀rẹ̀ ‘Atanpako’ níbí. Nínú ètò rẹ, kékeré lo lò. Lórí Windows tí o ti kó wá, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lórí Linux, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.”

“Kí ló dé tí ètò náà kò sọ fún mi pé òun ò rí i?”

“Ìwọ lo ní kó má sọ.” Wọ́n fọwọ́ tọ́ka sí ìlà kan. Lóòótọ́, èmi ni mo kọ ọ́ pé bí ohunkóhun bá sọnù, kí ètò fò ó, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ti ń sá fún ariwo tí ẹ̀rọ fi ń kéde àṣìṣe. Mo yí lẹ́tà kan padà, àtàǹpàkò dé. Mo sì pa ìlà burúkú yẹn rẹ́. Láti ìgbà náà, ètò tí mo bá kọ gbọ́dọ̀ pariwo bí nǹkan bá sọnù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá Àsàbí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ àdúrà wọn. Àsàbí dúró ti ìyá rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ lé e. A. S.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” ló bi mí.

Kí n tó dáhùn, Àsàbí ti di àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ mú, ó sún un síbi tó yẹ kó wà. Obìnrin náà tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà márùn-ún, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí dé òpin. Ó fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó mi orí pé òun ni.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, omi ti kún ojú rẹ̀.

“Ó gbọ́ mi,” ló wí. “Ọmọ mi gbọ́ mi.”