Ọjọ́ Tí A Mú Ọkọ Mi Lọ sí Pápá Gọ́ọ̀fù

Gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pè é. Géńdé ọkùnrin á gbá bọ́ọ̀lù kékeré jìnnà, á tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a kiri inú koríko, wọ́n á ní ó ń gbafẹ́. Ká ní ọmọ mi ló ń sọ nǹkan nù báyẹn, ìgbátí ni màá fi dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ibi eré yẹn ni ọkọ mi ti rí oúnjẹ bọ́ wa. Kì í gbá a o, kádì ni. Àpò tí àwọn olówó ń kó igi ìgbábọ́ọ̀lù wọn sí ló ń gbé tẹ̀lé wọn kiri pápá, títí èjìká kan fi rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ. Mo máa ń sọ fún un pé télọ̀ méjì ni màá wá fún un, kí kálukú mú èjìká kan.

Kò rántí ìyẹn mọ́. Àìsàn ìgbàgbé mú un. Láàárọ̀, nínú yàrá tí a jọ sùn, á kí mi pé "ẹ kúulé," bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, kí n tó lọ pàtẹ bàtà òkìrìkà mi ní Mowe. Bí n ò bá rẹ́rìn-ín, kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe kádì, tó ń ta búlọ́ọ̀kù ní Ibafo báyìí, ló mú àbá wá. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí pápá. Tó bá gbóòórùn koríko yẹn, ọpọlọ rẹ̀ á jí."

Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kó ṣáà wò mí lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé ìyàwó òun nìyí.

Ọmọkùnrin méjì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á fi mọ́tò àwọn gbé wa dé pápá kan lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Èyí tó ń wakọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Mo bi í bóyá ìkejì ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

A gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ibafo, a gba Akute, a dúró ra bọ̀ọ̀lì ní Ifo. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn búùtù, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Bí a ṣe máa ń dúró de ọ̀gá nìyẹn. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń jí." Inú mi dùn débi pé mo jẹ bọ̀ọ̀lì mọ́ bébà tí wọ́n fi wé e.

Nígbà tí a dé pápá, tí búùtù sì ṣí, ọwọ́ ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé ara àpò. Awakọ̀ sáré gbà á, ó tún tẹríba. "Dádì, ẹ fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ru ẹrù níbi tí mo wà?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ní, "Ìyẹn ti tán, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ gan-an lo máa gbá a lónìí." Ó fi igi ìgbábọ́ọ̀lù kan lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu orí igi náà mọ́ tónítóní, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún awakọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ọkọ mi yára padà sídìí àpò. Ọmọkùnrin kejì ti gbé e kọ́ èjìká. "Dádì, ẹ máa gbatẹ́gùn." Èmi náà dúró, mò ń wúre fún ìyá tó tọ́ wọn. Ọkọ mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rìn lọ sábẹ́ igi kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo pariwo, "Ẹ gbé àpò yẹn fún un."

"Mọ́mì, ó wúwo."

"Mo ní ẹ gbé e fún un."

Wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó bí oníbàárà ṣe ń wo bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó ní, "Ta ló ni ín?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Tìẹ ni."

Ó mi orí. "Mi ò ní irú ẹ̀." Òótọ́ ló sì sọ. Kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Bí a ṣe ń padà, àwọn ọmọ náà ń bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ ní Ibafo, kò lè wojú mi. Ó wá ku èmi àti ọkọ mi lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sún fún mi dáadáa, bí èèyàn ṣe ń sún fún èrò.

Ó ní, "Màdáámù, níbo lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀?"

Mo ní, "Mowe."

"Mowe lèmi náà ń lọ. Ìyàwó mi ń dúró dè mí níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ bá mi kí i."

Ó ní òun á jíṣẹ́.