Táwẹ̀lì Orí Báàgì Jẹ́jẹ́

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, ipò kọkànlélọ́gọ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọgọ́ta èèyàn ni wọ́n ń dá sí.

Màá ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Gọ́ọ̀fù ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbá jẹun. Àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, èèyàn kò sì lè ṣàdédé wọ àárín wọn. Káàdì ni wọ́n ń pe àyè ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wá káàdì á lọ sí ìdíje ìdánwò, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń du àyè táṣẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rí i gbà, ọdún kan péré ló rí gbà. Máàkì tí oníkálukú bá kó jọ lọ́dún náà ni wọ́n á fi tò wọ́n, ẹni ọgọ́ta àkọ́kọ́ á sì mú káàdì wọn wọ ọdún tuntun. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn á padà sí ìdánwò, á lọ bá àwọn ọmọ tó lè bí tò sórí ìlà. Kò sí àánú níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba káàdì lẹ́ẹ̀mejì. Ó pàdánù ti àkọ́kọ́, èkejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mò ń wí yìí. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí iṣẹ́ kò yọjú, ó ní kí n wá máa gbé báàgì òun, kí n máa bá òun wo atẹ́gùn. Mo fi ìṣirò gboyè, mo wá ń nu ẹrẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò dúpẹ́, òun náà kò béèrè ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò ló ń gbé e lọ́kàn. Jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé báàgì fún un kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, òun ló fún un ní bàtà tó kọ́kọ́ wọ̀ sórí pápá. Wọ́n jọ lọ sí ìdánwò lọ́dún kan náà. Jẹ́jẹ́ yege, kò sì tún fojú kan ibẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́fà. Kì í bínú, kì í kánjú, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kó sínú yanrìn, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà kórìíra ẹ̀rín yẹn.

Nílé, ipò Jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò lórí fóònù kó tó fọnu. Bí Jẹ́jẹ́ bá ṣe dáadáa, tíì á korò lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, á súfèé wọ balùwẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ṣé èmi lẹ fẹ́ ni àbí Jẹ́jẹ́? Orúkọ ẹ̀ ni mò ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ẹ káàárọ̀."

"Ipò kẹsàn-án ló tún wà. Atẹ́gùn ló bá a ṣe é."

"Atẹ́gùn ọ̀hún ò wá mọ ilé tiyín?"

Àwọn ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀tá ẹni kì í kúkú pa òdù ọ̀yà: bí Jẹ́jẹ́ bá borí, pápá ló rọrùn, bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọhò láti òkèèrè, òkúta ló darí rẹ̀. Màmá wa a máa fi òwe tù ú nínú, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo sọ fún un pé wọn kì í fi àkísà gba káàdì. Ó ní ìwé ti ba ẹnu mi jẹ́.

Ìdíje kan ṣoṣo ló kù lọ́dún náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá a, bí ọjọ́ kejì bá sì parí, ìdajì á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gbọ́n mi là á já. Bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí kò ṣe gbọ́ rí lọ́dún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n ní òun àti Jẹ́jẹ́ ni yóò jọ gbá.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," Jẹ́jẹ́ kí i. "Wọ́n ní ẹ gbá a bí ọmọ ogún ọdún lánàá."

"Ìwọ náà ń gbìyànjú."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀."

Ó wo bàtà Jẹ́jẹ́. Tuntun ni.

Nígbà tí a fi dé ihò kẹtàdínlógún nínú méjìdínlógún, mo ti ṣe ìṣirò mi tán. Bí kò bá ti ṣàṣìṣe mọ́, ipò kejìdínlọ́gọ́ta ló máa fi parí ọdún. Mo sọ ọ́ fún un. Kò gbọ́. Jẹ́jẹ́ ló ń wò.

Adágún omi ló wà láàárín wa àti ihò náà, ìgbá kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá. Irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ibi tó ń gbé bọ́ọ̀lù dé. Atẹ́gùn ń yí. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀.

Òfin gọ́ọ̀fù gbà kí o yọjú wo báàgì ẹni tí ẹ jọ ń gbá, kí o wo irin tí kò sí níbẹ̀, kí o fi mọ èyí tó lò. Kò gbà kí o bi í. Kò sì gbà kí o fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ láti fi wádìí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbá méjì ni wọ́n á fi kún tirẹ̀, nínú eré tó jẹ́ pé ẹni tí ìgbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń da táwẹ̀lì bo irin wọn. Jẹ́jẹ́ da táwẹ̀lì bo tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ.

Agbápò Jẹ́jẹ́ gbé báàgì kalẹ̀, ó lọ ń tẹ koríko tí irin hú padà sáyè rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kọ̀yìn sí wa. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pé kò mọ irin tó máa lò. Mo ti sọ fún un pé irin keje ni, kó kàn lò ó tagbára-tagbára, ó sì gbà. Ohun tí Jẹ́jẹ́ mọ̀ ló ń fẹ́ mọ̀. Ó nawọ́, ó ṣí táwẹ̀lì.

Jẹ́jẹ́ ti yíjú padà.

Adájọ́ wà nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń mumi, kò rí nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ rìn wá, ó tún táwẹ̀lì rẹ̀ tẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan o. Ẹ gbá tiyín."

"O rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá a. Ẹ ní ọmọ nílé. Káàdì yín ò gbọ́dọ̀ bọ́ torí táwẹ̀lì."

Bí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò láti bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì lu síta, wọ́n á lé àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje. Jẹ́jẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló fi lélẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti fìlà dé bàtà. Mo fẹ́ kó gbà. Ì bá gbà, à bá ti lọ sílé pẹ̀lú káàdì.

"Ìwọ lo máa wá fún mi ní káàdì?" ó bi í.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí n wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí o máa wò mí, kí o máa sọ lọ́kàn ẹ pé ìwọ lo gbé mi síbẹ̀. Láéláé."

Ó juwọ́ sí adájọ́. Ó sọ fún un ketekete pé òun ṣí táwẹ̀lì. Kò mẹ́nu ba ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ. Wọ́n fi ìgbá méjì kún tirẹ̀. Ó wá gba irin keje lọ́wọ́ mi, ó gbá bọ́ọ̀lù tó dára jù tí mo tíì rí i gbá, ó sì sún mọ́ ihò ju ti Jẹ́jẹ́ lọ. Jẹ́jẹ́ ló yíjú sí nígbà tí bọ́ọ̀lù balẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ipò kejìlélọ́gọ́ta ló fi parí ọdún.

Láti ìgbà náà, akọni ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù rẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ìbejì ní kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìwà rere, ó wọ kóòtù lọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Màmá wa sunkún ayọ̀. Jẹ́jẹ́ pè é lórí fóònù láti kí i, ẹ̀gbọ́n mi wo orúkọ náà títí fóònù fi dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà sí ìdánwò. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ kejì.

Mo dúró ti báàgì yẹn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ kọ́ ló mú kó juwọ́ sí adájọ́. Ohun tó mú kó ṣí táwẹ̀lì Jẹ́jẹ́ ló mú kó juwọ́.

Ìwọ tí o máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí o fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí o pè é ní olóòótọ́, ki ọwọ́ rẹ bọ àpò. Bi í ní ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ fún un kó tó pe adájọ́, má sì kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi dá ọ lóhùn.