Orí Ìwé Tí Mo Wọ́gi Lé

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ kan gbé ìwé wá bá mi ní Bódìjà. Ó ti di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, Agbowó ló ń gbé. Ó ní kí n bá òun yẹ ìwé tuntun náà wò kí òun tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú mi dùn. Mo wá bírò pupa mi jáde bí ẹni tí ìjọba dá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìlú wa ní Òkè-Ògùn ni ìtàn náà dá lé, láyé òyìnbó, nígbà tí ajẹ́lẹ̀ pàṣẹ kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin sílẹ̀ láti la ọ̀nà mọ́tò. Ẹnu àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Mo ń gbádùn rẹ̀ lọ títí mo fi dé orí kẹrin, níbi tí akọ̀dà, ìránṣẹ́ kóòtù, ti ń wọlé onílé láàárọ̀, tó ń fi okùn so àwọn ọkùnrin pọ̀ bí ewúrẹ́. Akọ̀dà kan ṣoṣo ni ìlú wa ní nígbà náà. Bàbá tó bí bàbá mi ni.

Ohun tí a gbọ́ nílé yàtọ̀. Wọ́n ní bàbá àgbà kọ̀ fún ajẹ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àìmọye ọdún ni mo fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo tún ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo wọ́gi pupa lé orí kẹrin látòkè délẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí òǹkọ̀wé náà padà wá, ó ṣí i dé orí kẹrin, ó rí igi pupa náà.

"Mà, àṣìṣe wo ni mo ṣe?"

"Bàbá mi àgbà lò ń bà lórúkọ jẹ́."

Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Háà! Mi ò mọ̀, mà. N ó yọ ọ́ kúrò."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wà lórí àga ní pálọ̀, a rò pé wọ́n ń tòògbé ni.

"Kí lẹ fẹ́ yọ? Kà á sí mi létí."

Òǹkọ̀wé náà kà á. Màmá arúgbó náà mirí.

"Ìwọ tíṣà yìí, òótọ́ lo wọ́gi lé yẹn o. Ìyá mi ló ń lọ́ okùn náà, ẹkún ni wọ́n fi ń lọ́ ọ."

"Ta ló wá sọ pé bàbá kọ̀?"

"Àwa ọmọ wọn ni. Bí a bá lọ pọnmi lódò, yẹ̀yẹ́ ọmọ akọ̀dà ni àwọn ará ìlú ń fi wá ṣe. Ṣé ká dákẹ́ ni?"

Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo dé ìdérí bírò pupa mi.

Màmá kọjú sí òǹkọ̀wé náà. "Má yọ ọ́, ọmọ mi. Bàbá mi ni, mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n fi èyí kún un: àwọn ọkùnrin kan ò padà dé láti ẹnu iṣẹ́ ọ̀nà náà. Bàbá máa ń lọ kí àwọn ìyàwó wọn. Àwọn obìnrin náà kì í dá wọn lóhùn. Bó bá tún di ọjọ́ keje, Bàbá á tún lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọnú ìwé. Màmá ti papòdà báyìí. Bí mo bá rántí bàbá àgbà lónìí, mi ò rí akọni tí mo máa ń ròyìn fáwọn ọmọ kíláàsì mọ́. Ọkùnrin kan ni mò ń rí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò ṣí fún un, ó sì sún mọ́ mi ju akọni yẹn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè fèsì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, àní bí kò tilẹ̀ dùn létí yín.