Orúkọ Kọkànlá

Leah Kìtán kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe òtòṣì. Ohùn ló ń tà. Yàrá kan nínú ilé mi ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, ló háyà. Ó fi fóòmù ibùsùn àlòkù mẹ́rin bo ògiri rẹ̀, ó ra maikirofóònù kan àti kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti lò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́: ìpolówó ọjà, ìkéde ìsìn, ìkéde òkú. Ìkéde òkú ló pọ̀ jù. Àwọn ará Oǹdó kì í sin òkú àgbà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ló ń gbà lórí ìkéde kan, ì báà kúrú, ì báà gùn. Lọ́jọ́ kan, ẹbí kan kọ orúkọ ọmọ, orúkọ àna, orúkọ ọmọ-ọmọ, títí dórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Òwúrọ̀ ni Leah wọ yàrá náà, aago méjì ọ̀sán ló jáde, nítorí orúkọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣì pè. Ẹni tí wọ́n bá ṣì orúkọ rẹ̀ pè níbi òkú bàbá rẹ̀ yóò padà wá. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣírò epo jẹnẹrétọ̀, dátà, owó ilé mi, oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní, "Leah, àdánù lò ń ṣe. Gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o fún wọn ní orúkọ mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó san ẹgbẹ̀rún kan lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀fẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láàárín oṣù méjì, ó ti ra bátìrì ńlá, ó bọ́ lọ́wọ́ epo.

Bàbá tó bí i ni Olóyè Babájídé Kìtán, oníṣòwò kòkó ní Oǹdó. Leah kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n kó ẹrù òun àti ìyá rẹ̀ síta. Bọ́lọ́rundúró ni ìyá náà padà sí, ibẹ̀ ló ti ń gbin ẹ̀gẹ́ títí di òní. Orúkọ Kìtán tí Leah ń jẹ́, ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé rẹ̀. Àwọn Kìtán kò bá a jiyàn, wọn kò sì bá a gbà.

Olóyè kú ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá. Nígbà tí ìyá Leah gbọ́, kò béèrè ogún, kò béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Ohun kan ṣoṣo ló bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù: "Ṣé wọn á dárúkọ rẹ lórí rédíò?"

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ dúdú kan dúró níwájú ilé mi. Adédèjì, àkọ́bí Olóyè, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Bísọ́dún àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó mọ ìkéde òkú kà ní agbègbè yìí, ọ̀dọ̀ Leah ni wọ́n ń júwe fún un. Inú yàrá náà ni mo wà, mò ń tún ihò iná ògiri kan ṣe.

Bísọ́dún wo Leah láti òkè délẹ̀. "Imú bàbá wa nìyẹn. Ó kéré tán, o ti jogún nǹkan kan."

Leah kúnlẹ̀, ó kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Adédèjì na ìwé sí i. Leah kà á lọ sísàlẹ̀, ìka rẹ̀ sì dúró lórí orúkọ tó gbẹ̀yìn. Àwọn mẹ́sàn-án tó wà lókè ní oyè, wọ́n ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Ẹni kẹwàá, Leah lásán ni. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ló sọ.

"Fíkà ìjọ wa ló ní ká fi sí i," ni Adédèjì wí. "Ó ní òkú ò gbọdọ̀ gbé ẹjọ́ lọ."

Bísọ́dún gba ìwé náà. "Bọ̀dá mi, orúkọ ọkọ mi dà?"

"Àna ni."

"Àna tó ra pósí ńkọ́? Ṣé Ẹnjinía Ọláyẹmí máa san owó màlúù láìgbọ́ orúkọ ara ẹ̀?"

Adédèjì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kà á jáde bí ẹni ń ka òfin ìjọba. "Orúkọ mẹ́wàá. Ohun tó bá lé, ẹgbẹ̀rún kan." Ó yọ bírò.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní gba owó ẹ̀," ni Leah tètè wí. "Màá ka mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

"Rárá o. Ìwọ lo kọ òfin, àwa kọ́. Tá a bá gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí, lọ́la wàá ní ìwọ lo sin bàbá wa."

"Ẹ wá san ẹgbẹ̀rún náà nígbà náà, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Lórí kí ni?" Bísọ́dún rẹ́rìn-ín. "Ohùn ẹ máa wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí lo tún ń wá?"

Adédèjì gba ìwé náà padà, ó fa ìlà lórí orúkọ Leah, ìlà kan ṣoṣo tó tọ́ gbọọrọ, bí ìlà ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó kọ orúkọ Ẹnjinía sábẹ́ rẹ̀. Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí tábìlì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e.

"Fi ra nǹkan tútù mu. Iṣẹ́ ohùn máa ń gbẹ ọ̀fun."

Orúkọ méjì nìyẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Mo ní kí Leah dá owó wọn padà. Ó mi orí. "Ẹlòmíràn á kà á, Bàbá, orúkọ mi ò sì ní sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi."

Ó lé mi jáde, ó tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó pè mí pé kí n wá gbọ́ ọ. Ohùn náà dúró ṣánṣán. Ó ka àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lẹ́yìn Ẹnjinía, ó mí díẹ̀, ó ní, "àti Leah." Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kọjá. Ó fi í ránṣẹ́ sí fóònù Adédèjì.

Wọn ò tíì dé Oǹdó tí Adédèjì fi pè. Leah gbé e sí sípíkà.

"Leah, kí lo kà yẹn?"

"Ìkéde bàbá wa, sà."

"Bàbá ta ni?" Kò pariwo rárá. "Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀fẹ́. Àbí mi ò kà á dáadáa?"

"Ọ̀fẹ́ ni, sà."

"Ó dáa. Tún un ṣe."

Ohùn Bísọ́dún wá láti ẹ̀yìn. "Ẹ sọ fún un pé kó má fi ìbínú kà á o. Èyí tó kà yẹn dùn."

Kò tún un kà. Ó wá ibi tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àwòrán ohùn náà lójú kọ̀ǹpútà, bí òkìtì kékeré láàárín àwọn òkìtì ńlá, ó gé e, ó fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta bóyá èèyàn lè mọ ibi tó ti gé e. Èèyàn ò lè mọ̀. Iṣẹ́ Leah dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìròyìn aago méje, fóònù rẹ̀ dún nígbà tó ń pọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ni.

"Mo gbọ́ ohùn ẹ, Leah mi. Gbogbo àdúgbò ló wá jókòó síbí, wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ."

Leah gbé korobá sílẹ̀. "Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ìparí pátápátá ni. Ariwo àwọn ewúrẹ́ yín ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́."

"Òótọ́ ni, wọ́n ń ké. Màá lọ so wọ́n sẹ́yìn ilé. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa kà á?"

"Nírọ̀lẹ́, Màámi."

"Màá sọ fún wọn kí wọ́n padà wá."

Ọjọ́ méje ni àwọn Kìtán san owó rẹ̀ fún iléeṣẹ́ rédíò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó ku ìgbà mẹ́tàlá.