Aláìsàn Àkànrán

Kifayah ti ṣe ìdánwò àbáwọlé fún oyè másítà rí lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ ní Erunmu. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ káàkiri. Nígbà tí èsì jáde tí kò yege, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń kí i bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹlẹ́ran kí i, ọlọ́kadà kí i, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tí ó ń kọ́ náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó tún gba fọ́ọ̀mù lọ́dún tó tẹ̀lé e, Múyì ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún, àti Ìyá Àkànrán, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ní ìlú Àkànrán.

Ìwé kíkà náà kì í ṣe ohun tó rọrùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó jí. Bí wọ́n bá jí, Múyì á gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, á wẹ̀ wọ́n, á po ẹ̀kọ tó kún fún kókó fún wọn. Àwọn ọmọ á mu ún láìjanpata nítorí bàbá wọn náà ń bá wọn mu ún. Bó bá dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án, ẹbu gàrí ló kàn. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ìṣirò sára ògiri tó kọjú sí ààrò, kó lè máa wò ó bó ti ń yan gàrí. Gàrí jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún, Múyì sì jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni irú ọkọ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan mìíràn fún yín.

Àmọ́ iṣẹ́ gàrí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Kifayah àti obìnrin mẹ́rin mìíràn ló jọ ń ṣe àáró ní gbogbo Sátidé: lónìí wọn á bẹ ẹ̀gẹ́ lágbájá, lọ́jọ́ mìíràn wọn á bẹ ti tàmẹ̀dò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń san ọwọ́. Òfin wọn kan sì wà tí kò ṣeé yí: ẹni tó ni ọjọ́ ló gbọ́dọ̀ bẹ ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́, kó sì jókòó tì í títí iṣẹ́ á fi parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ kò sì dúró fún un, kò sẹ́ni tí yóò yọ ọ̀bẹ. Hasanat, tí gbogbo Erunmu ń pè ní Ìyá Mikail, ni olórí wọn. Ẹnu wọn mú ju ọ̀bẹ wọn lọ.

Ní àwọn Sátidé kan, Kifayah ní láti lọ gba lẹ́sìn ní Ìbàdàn. Kí ni yóò sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí? Ló bá dá àìsàn sílẹ̀. Ó ní ara Ìyá Àkànrán kò yá, òun fẹ́ lọ wò wọ́n. Orúnkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àìsàn náà ti gòkè dé àyà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dé, òkìtì rẹ̀ ga dé ìdí fèrèsé, nítorí Sátidé ni àáró kàn án. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ènìyàn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, dúdú ló ń dú nínú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀: Sátidé ni ìdánwò. Bí kò bá lọ, ọdún kan tún ṣòfò nìyẹn. Bó bá lọ, ẹ̀gẹ́ á bàjẹ́, àwọn obìnrin tó ti yọ̀ǹda ọjọ́ wọn á sì wá bá ilé òfìfo.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó lọ bá Ìyá Mikail, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun yí ọjọ́ àáró padà, pé Ìyá Àkànrán kò lè dìde mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú ara rẹ̀ tì í. Ìyá Mikail mi orí.

"Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ibi tí Kifayah ti ṣìnà nìyí: ó gbàgbé irú ènìyàn tí a jẹ́. Ṣé wọ́n á gbọ́ pé ìyá ẹni wọn kò lè dìde, kí wọ́n jókòó sílé? Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin da ọsàn àti ògì jọ, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di Àkànrán.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá aláìsàn, tó ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta, tó sì ń bá ewúrẹ́ kan jà.

"Ara ńkọ́, Mà?" Ìyá Mikail ló bèèrè.

Ìyá Àkànrán wo ọsàn, wọ́n wo ògì. "Ara ta ni?"

Nígbà tí Ìyá Àkànrán gbọ́ irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi sá. Wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n tọ́. Wọ́n fún àwọn àlejò ní àga, wọ́n sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìdánwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kifayah kò mọ ìkankan nínú èyí. Iwájú ilé ló jókòó sí nírọ̀lẹ́, ìwé lórí itan, ojú lára òkìtì ẹ̀gẹ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró. Ìyá Mikail ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"A ti lọ kí ìyá ẹ."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Kifayah. "Ẹ dákun, Mà..."

"Dákẹ́! Mo ti ń fi obìnrin yẹn sínú àdúrà tipẹ́. Mo gba ààwẹ̀ nítorí àyà tí kò dùn ún! Kí la fi ṣe ẹ́ tó o fi ń sá fún wa?"

"Ojú ló ń tì mí, Mà. Ẹ rántí bí gbogbo ìlú ṣe ń kí mi lọ́dún tó kọjá."

"Ta ló fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wa? Inú ẹ bàjẹ́, a kí ẹ. Ṣé ká máa wò ẹ́ níran ni?"

Kifayah rò ó dé ìsàlẹ̀, òótọ́ ni: kò sí ẹyọ ẹnìkan tó fi í rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni wọ́n fi kí i, òun ló gbà á sí ẹ̀gàn. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Nu ojú nù. Ìdánwò lo máa lọ ṣe lọ́la."

"Ẹ̀gẹ́ ńkọ́, Mà? Ta ló máa dúró fún mi?"

Ohùn kan dáhùn láti inú kẹ̀kẹ́. "Ẹ fún mi lọ́wọ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ ò mọ̀ pé ara mi ò yá ni?" Ìyá Àkànrán ni, wọ́n ti fi ìborùn wé ọ̀bẹ tiwọn dání.

Kifayah lọ, ó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, òkìtì ẹ̀gẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èèpo ti mu àwọn obìnrin dé orúnkún, Ìyá Àkànrán sì wà láàárín wọn, wọ́n ń sọ ohun tí Kifayah ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, èyí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ṣé o rí i kọ?" Ìyá Mikail bèèrè.

"Mo kọ gbogbo ẹ̀, Mà."

"Alihamdulilahi. Bí wọ́n bá gbà ẹ́, ọjọ́ wo ni wàá máa lọ?"

"Jímọ̀ àti Sátidé ni wọ́n sọ."

Ìyá Mikail wo àwọn yòókù, pàápàá Ànúolúwapọ̀, ọmọ ìjọ Kérúbù kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn.

"Ó dáa," Ànúolúwapọ̀ ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ká tó bẹ̀rẹ̀ o."

"Ó ti parí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Àìkú ni àáró wa."

"Ẹ jẹ́ kí èsì jáde ná, Mà," Kifayah ní. "Bí n kò bá tún yege ńkọ́?"

"Èsì á wá bá wa níbi tá a bá ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

Kifayah kúnlẹ̀ sínú èèpo pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ ṣe ìdánwò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó kan Ìyá Àkànrán, ó gbé orí lé itan wọn, ìyá náà sì fa orí rẹ̀ mọ́ra, wọ́n gbàgbé pé ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn.